Wọlé pẹ̀lú ṣéńjì ẹ!

Ní 14 Oṣù Kẹwàá 2025, Microsoft jáwọ́ nínú ọ̀rọ̀ Windows 10. Windows 11 ní òun kò wọ kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ mi, àfi tó bá ní TPM 2.0, ìyẹn ẹ̀yà ààbò kan nínú kọ̀ǹpútà. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé Ìsọlọ̀ ní, "Àǹkù, ẹ lọ Linux, ọ̀fẹ́ ni." Ọ̀fẹ́ kẹ̀? Èmi tí mò ń gba Òṣòdì kọjá lójoojúmọ́, níbi tí ọkọ̀ tó dúró ń sanwó, tí èyí tí kò dúró náà ń san!

Mo bá ní kí n yan ọ̀kan nínú oríṣi Linux tó wà. Àfi bí abẹ́ afárá Òṣòdì: Ubuntu! Mint! Fedora! Debian! Kọndọ́ pọ̀ ju èrò lọ, ẹ́ńjìnnì kan náà ló sì wà nínú gbogbo ọkọ̀ wọn, èyí tí Linus Torvalds, ọmọ Finland, gbé jáde ní 1991.

Mint ló wù mí. Ojú ẹ̀ jọ ti Windows. Wọ́n ní èèyàn lè gbé e sórí fíláàṣì, kó tọ́ ọ wò láìfọwọ́ kan ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà, bí ẹni tó ń bu gààrí jẹ lọ́jà. Ọjọ́ kẹta rèé tí mo ti ń tọ́ ọ wò. Ká ní ìyá onígààrí ni, ì bá ti gbá mi lọ́wọ́.