Baba Ìsàlẹ̀: Oríkì Àlàfo Abẹ́ Ilẹ̀kùn

Kábíyèsí, Àlàfo Abẹ́ Ilẹ̀kùn, ẹ̀yin tí ẹ nà gbalaja sí ẹnu ọ̀nà ilé mi ní Peckham ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù, tí gíga yín kò ju ìbú ìka ọwọ́ kan lọ, síbẹ̀ tí ẹ ń sọ àgbàlagbà ọkùnrin tí ó wọ súẹ́tà méjì di ìgbín inú ìkarahun lábẹ́ kúbùsù: mo yí gbiri sọ́tùn-ún, mo yí gbiri sósì, mo da àyà délẹ̀ gbọọrọ níwájú yín. Ọ̀wọ̀ ni mo fi ṣe é, lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá dọ̀bálẹ̀ kò tilẹ̀ lè rí ojú yín.

A-wọlé-má-kágò, ọmọ afẹ́fẹ́ tí í rá kòrò wọ ààfin. A-fòtútù-kíni-lẹ́sẹ̀ kí ẹnu tó kíni. Òjòlá tí kò lórí, tí kò nírù, tí í gbé ooru odidi ìyẹ̀wù mì láìmu omi lé e. Ajẹgáàsì-má-jẹgbèsè: ẹ̀yin ni ẹ jẹun, èmi ni wọ́n kọ ìwé owó sí. Àwọn àgbà ní bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì adìyẹ. Owó oṣù mi gbìyànjú láti gbé yín mì, ẹ sì há a lọ́fun. Mo ti rí àwọn olówó tí à ń pè ní Baba Ìsàlẹ̀ nínú ẹgbẹ́ àti nínú ìṣèlú, àwọn tí aga tìmùtìmù kò jẹ́ kí wọ́n mọ bí ilẹ̀ ti rí. Ẹ̀yin nìkan ni mo mọ̀ tí ẹ jẹ oyè náà dé ilẹ̀.

Ilé là ń wò kí á tó sọmọ lórúkọ, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n wo ilé yín. Ayé Ọbabìnrin Fitóríà ni wọ́n kọ́ ọ, pẹ̀lú ògiri bíríkì tí ó nípọn ní ínṣì 9, tí kò sí àyè kankan láàrin rẹ̀ tí ènìyàn lè ki òwú sí. Gbogbo yàrá ni ó sì ní ààrò èédú tirẹ̀. Iná kì í jó láìmí. Bí èéfín ti ń gba ihò òrùlé gòkè, bẹ́ẹ̀ ni afẹ́fẹ́ mìíràn gbọ́dọ̀ wọlé wá rọ́pò rẹ̀, iṣẹ́ yín sì nìyẹn nígbà náà, iṣẹ́ ọlọ́lá tí ẹnikẹ́ni kò lè dá yín lẹ́bi lé lórí. Àfi ìgbà tí ó di oṣù Disẹ́ńbà ọdún 1952, tí èéfín èédú àti kùrukùru dì pọ̀ bo Lọ́ńdọ̀nù fún ọjọ́ 5, tí ó sì pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn. Ìjọba ṣe òfin afẹ́fẹ́ mímọ́ ní 1956, èédú bẹ̀rẹ̀ sí í kógbá wọlé, páìpù gáàsì àti ráditò gba ipò rẹ̀. Iná ààrò kú, ẹ̀yin kò fẹ̀yìntì. Ẹ dúró síbẹ̀ bí oníbodè tí ìlú rẹ̀ ti tú, tí ó sì ń gbowó ibodè lọ.

Àwọn ọmọ wa tí wọ́n wá kọ́ iṣẹ́ lọ́yà ní Ìlú Ọba ní àwọn ọdún 1950 mọ̀ yín dáadáa, àwọn tí ń fi ṣílè bọ mítà gáàsì bí ẹni ń bọ òrìṣà tí kì í yó. Àwọn tí òjò dídì ọjọ́ kejì Kérésìmesì ọdún 1962 sì bá níbẹ̀, tí òtútù rẹ̀ kò tú wọn sílẹ̀ títí oṣù Máàṣì 1963 fi wọlé, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni tún lè sọ fún wọn nípa yín.

Ọgbọ́n ogun yín ni ó yà mí lẹ́nu jù. Ẹ kì í jà. Afẹ́fẹ́ gbígbóná fúyẹ́, òkè ni í máa ń lọ. Bí ó bá sì ti rí ihò lókè ilé, yóò yọ́ jáde, bí ó sì ti ń jáde ni ó ń fa òtútù wọlé láti ìsàlẹ̀. Ẹ̀yin kàn lanu sílẹ̀ ni. Àwọn baba wa ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ọ́. N kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn Peckham ni wọ́n ń sọ, àti pé aláǹgbá náà yóò tóbi tó odidi oṣù Jánúárì.

Ẹ jẹ́ kí n ka ìrúbọ tí mo ti ṣe sí yín. Ní oṣù Ọ̀kitóbà 2022, nígbà tí iná mànàmáná di nǹkan bí pẹ́nì 34 fún yúnìtì kan, tí gáàsì sì wà ní nǹkan bí pẹ́nì 10, bẹ́ẹ̀ ìjọba ti ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ ná kí ó má baà ju bẹ́ẹ̀ lọ, mo lọ ra hítà oníná, èyí tí í fẹ́ fùùù bí inú òkà, tí í jẹ yúnìtì 2 ní wákàtí kan, mo sì gbé e kojú yín. Pẹ́nì 68 ní wákàtí. Láti aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ tí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé títí di aago mọ́kànlá, pọ́n-ùn 3 àti pẹ́nì 40 ti jóná, ẹsẹ̀ mi sì tutù bí ẹsẹ̀ àkèré. A kì í fi ajere pọn omi. Èmi fi í pọn ooru, mo pọn ọ́n láti Ọ̀kitóbà kọjá Kérésìmesì. Aṣọ oníná kan wà nínú àpótí ìyàwó mi, irú èyí tí à ń tẹ́ sórí ibùsùn, tí kì í jẹ ju ìdá kan nínú mẹ́wàá yúnìtì lọ ní wákàtí, tí owó rẹ̀ kò tó pẹ́nì 4, tí ó sì jẹ́ pé ara ènìyàn gan-an ni í mú gbóná dípò òpópónà. N kò bojú wò ó, kí ẹ má baà rò pé mo rí yín fín. Wọ́n ní kí ilé má ṣe tutù ju ìwọ̀n 18 lọ. Èmi yí ẹ̀rọ ara ògiri tí í pàṣẹ fún bọ́ílà sí 24, nítorí kò yẹ kí ẹbọ irú yín kéré. Aga ńlá tí mo sì fẹ̀yìn rẹ̀ ti ráditò, òun nìkan ni ó gbádùn ọdún náà.

N kò ní gbàgbé ẹbí yín: Ihò Lẹ́tà, a-lanu-gba-ìwé-gbèsè, Ihò Kọ́kọ́rọ́, olójú kan, Fèrèsé Àgbésókè, oníjó tí kì í dúró de ìlù. Àwọn méjì kan wà tí wọ́n jọ yín tí wọn kì í ṣe ẹbí yín, n ó sì fi ẹ̀fẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀ kí n tó dárúkọ wọn: bíríkì oníhò ìsàlẹ̀ ògiri ìta, tí í jẹ́ kí igi abẹ́ ilẹ̀ pákó mí kí ó má baà rà, àti ihò afẹ́fẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ fún iná gáàsì, tí kì í jẹ́ kí májèlé tí kò ní òórùn pa onílé sójú oorun. Ẹni tí ó bá torí yín dí ìwọ̀nyí pa ọlọ́dẹ, ó ní olè ni òun pa.

Ṣùgbọ́n ayé kò mọ oore. Ìyá ìyàwó mi ni ó ti Ìjẹ̀bú-Igbó wá kí wa ní oṣù Jánúárì. Ní ọjọ́ kejì, wọ́n gbé ẹsẹ̀ méjèèjì ka orí aga, wọ́n ní, “Bàbá Fọlá, ta ló ṣílẹ̀kùn yìí sílẹ̀?” Mo ní, “Màmá, títì ló wà.” Wọ́n dìde, wọ́n fi omi ra ẹ̀yìn ọwọ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n gbé ọwọ́ náà síwájú yín, wọ́n sì wò mí bí ẹni tí ó ń tún ìdí àna gbé yẹ̀ wò. Wọn kò sọ nǹkan kan. Wọ́n béèrè abẹ́rẹ́ àti òwú, wọ́n mú àǹkárá aṣọ ẹbí ìsìnkú kan tí kò gba ẹnikẹ́ni nínú ilé mọ́, wọ́n rán an gbọọrọ bí apá súẹ́tà, wọ́n ki àkísà sí i títí ó fi yó, wọ́n sì tẹ́ ẹ sí yín lẹ́nu. Kò ná wa ní kọ́bọ̀.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà mo pa hítà, mo bọ́ súẹ́tà kan, mo na ẹsẹ̀. Ilé dákẹ́. Mo ti fẹ́ máa dárò yín, nítorí akéwì tí ọba rẹ̀ wàjà kò níṣẹ́ mọ́, àfi bí mo ti gbọ́ ohùn tín-ín-rín kan láti inú ihò òrùlé, níbi tí ààrò èédú àtijọ́ ti ń mí: fíìì, bí ẹni tí ń súfèé pe akéwì rẹ̀. Mo dìde jókòó, mo húkọ́, mo tún ohùn ṣe.