Ọdẹ Gáréèjì

Ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá fẹ́ pe orúkọ ìnagijẹ tí a sọ ẹ̀gbọ́n wa tó wà ní Houston, ẹ fi àmì ohùn sí i dáadáa. Ọdẹ la pè é. A ò pè é ní ọ̀dẹ̀. Òun náà kì í fi àmì ṣeré: ìwé tí wọ́n ya òbìrìkítí sí ló máa ń yìnbọn lù ní gbogbo Sátidé. Láti ọjọ́ tó ti ń ṣọdẹ, kò tí ì pa ọ̀kẹ́rẹ́ kan.

Ọdún 2020 ló kó o síṣẹ́ ọta dídì. Ọta tán lórí àtẹ káàkiri Amẹ́ríkà, ẹ̀gbọ́n wá búra pé òun á máa di ọta fúnra òun ní gáréèjì òun, òun á sì fi dín ìnáwó kù. (Ẹ jẹ́ ká jọ rẹ́rìn-ín níbí ná.) Kò mọ̀ pé praímà, bíńtín tó ń ṣáná nídìí ọta, ti bá ọta lọ sájò.

Ó kọ́kọ́ ra ẹ̀rọ ìtẹ̀ tí wọ́n fi ń di ọta. Àwọn tó ń ṣe é láṣọ ẹbí tiwọn: RCBS wọ àwọ̀ ewé, Dillon wọ búlúù, Lee wọ pupa. Ẹ má bi àwọn ọdẹ gáréèjì léèrè èwo ló dára jù, àfi bí ẹ bá fẹ́ sun ibẹ̀.

Lẹ́yìn náà ló ra òṣùwọ̀n. Pọ́n-ùn ẹ̀tù kan jẹ́ 7,000 gíréènì, òṣùwọ̀n ẹ̀gbọ́n sì ń mọ ìdá kan nínú mẹ́wàá gíréènì kan ṣoṣo. Ọkùnrin tó ń fi ojú wọn iyán ara rẹ̀, tí ojú náà kì í sì í ríran kedere, òun ló ń séèémí kí ẹ̀tù má baà lé! Bàbá àgbà rẹ̀ ń da ẹ̀tù láti inú àdó sínú ṣakabùlà, ó fi ẹ̀tù pa ẹtu, ó fi pa ẹtù. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ fi ẹ̀tù pa páálí.

Àmọ́ mi ò ní bú u níbẹ̀. Ẹ̀tù ìlọ́po méjì lè fọ́ ìbọn mọ́ni lọ́wọ́. Bí ẹ̀tù ò bá sì sí rárá, ọta lè há sínú ọ̀pá ìbọn, kí èyí tó tẹ̀ lé e wá bá a níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi ń tan tọ́ọ̀ṣì wo inú ìkarahun ọta kọ̀ọ̀kan bí dókítà eyín. Agolo ẹ̀tù kan ṣoṣo ló ń wà lórí tábìlì. Ẹni tí kì í ka lẹ́tà báńkì ti ka ìwé ìtọ́nà títí ewé rẹ̀ fi ń já.

Ìkarahun yẹn gan-an ló ń pa mí lẹ́rìn-ín. Bí gbogbo àwọn tó wà níbi ìyìnbọn bá yìnbọn tán, ẹ̀gbọ́n á kúnlẹ̀ á máa ṣa ìkarahun idẹ bí ìyá arúgbó tó ń ṣa ẹ̀kùrọ́. Tó bá délé, á dà á sínú ẹ̀rọ tó ń gbọ̀n bí ẹni tí ibà mú, pẹ̀lú ṣùkù àgbàdo tí wọ́n lọ̀. Ṣùkù! Èyí tí àwọn bàbá wa ń fi nùdí lóko, ẹ̀gbọ́n fi dọ́là rà á láti fi dán idẹ. Lọ́jọ́ kìíní, ó gbàgbé láti fi epo pa ìkarahun kó tó tì í sẹ́nu ẹ̀rọ ìtẹ̀, ló bá há bí ajá tó ki orí bọ ìkòkò. Ọ̀pọ̀ olùbẹ̀rẹ̀ ni tiwọn máa ń há. Ti ẹ̀gbọ́n há lálẹ́ ọjọ́ ìbí ìyàwó rẹ̀.

Owó tó dín kù ńkọ́? Ó dín kù lóòótọ́, bí a ò bá ka ẹ̀rọ, òṣùwọ̀n, ìwé àti tábìlì. Ogún ló ń yìn ní Sátidé tẹ́lẹ̀; igba ló ń yìn báyìí.

Ẹ̀yin tí ẹ ń rẹ́rìn-ín, ẹ̀rọ ìránṣọ tí ẹ rà kí ẹ má baà sanwó télọ̀ mọ́ dà? Ṣebí òun lẹ sá aṣọ lé.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹ̀gbọ́n gbé páálí rẹ̀ délé tayọ̀tayọ̀, ihò márùn-ún ṣùjọ láàárín òbìrìkítí. Ìyàwó rẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò lójú, ó yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn.

"Ẹ kú iṣẹ́, Dádì Fẹ́mi. Èyí tí a fi ń luhò síwèé ní ọ́fíìsì wa, dọ́là mẹ́ta ni."