Ìtọ́ Mi Ló Lọ, Kíndìnrín Bùọ̀dá Mi Ló Dé

Kíndìnrín ló pa bàbá wa. Ìdí nìyẹn tí inú mi fi dùn nígbà tí àbúrò wa obìnrin tó ń gbé ní Houston dé fún Kérésì pẹ̀lú páálí kékeré méjì, irú èyí tí èèyàn ń tutọ́ sí kí wọ́n lè yẹ DNA rẹ̀ wò. Tèmi ni ọ̀kan, èkejì jẹ́ ti bùọ̀dá wa àgbà ní Agége. Ó ní wọn yóò sọ fún wa bóyá a ní irú jíìnì APOL1 tó máa ń kó bá kíndìnrín.

Ìtọ́ kọ̀, kò jáde. Ìwé inú páálí ní kéèyàn má jẹ, kó má mu fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ṣáájú. Mo ti wà lórí àkàrà kẹta kí n tó kà á débẹ̀. Nígbà tí mo fi máa dúró tán, ẹnu ti gbẹ, ìhó nìkan ni mo ń tu, wọn kì í sì í ka ìhó mọ́ ọn. Ìyàwó mi ló ṣàánú mi: ó mú àgbálùmọ̀ kan, ó jókòó síwájú mi, ó ń fà á mu díẹ̀díẹ̀ láì fún mi. Ìgò kún. Ti bùọ̀dá wa ti kún kí wọ́n tó sọ ìtàn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Stationery Stores kan tán.

Ohun tó kù ni kí n fi fóònù forúkọ àwa méjèèjì sílẹ̀, kí n so nọ́ńbà ara ìgò kọ̀ọ̀kan mọ́ orúkọ ẹni tó ni ín. Àbúrò mi fẹ́ bá mi ṣe é. Mo ní kó lọ jókòó jàre. Sítọ́ọ̀kípà ni mí ní ilé iṣẹ́ ike kan ní Ọ̀gbà. Nọ́ńbà ni mo fi ń jẹun. NEPA mú iná (a kì í pe orúkọ tuntun tí wọ́n fún wọn ní Onígbòǹgbò), mo tan tọ́ọ̀ṣì, mo parí iṣẹ́.

Mo ti gbàgbé ọ̀rọ̀ náà kí èsì tó dé. Ó ní ẹ̀dà APOL1 méjèèjì tí mo jogún ló jẹ́ ti eléwu: G1 láti ọ̀dọ̀ òbí kan, G2 láti ọ̀dọ̀ èkejì. Mo kàwé mọ́jú. Ní 2010 ni àwọn onímọ̀ fi hàn pé àwọn méjèèjì ń ṣàkóbá fún kíndìnrín, pé wọ́n wọ́pọ̀ gan-an láàárín Yorùbá, àti pé wọ́n ń pa kòkòrò àrùn sùnrunsùnrun tí eṣinṣin tsetse ń gbé kiri. Àwọn baba ńlá wa bọ́ lọ́wọ́ eṣinṣin, wọ́n wá fi gbèsè rẹ̀ sílẹ̀ fún kíndìnrín mi! Ìlà kan tún wà nísàlẹ̀ tó ní AS ni mí. Mi ò wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Kí ló kan ẹni tó ń kú lọ pẹ̀lú jẹ́nótáìpù?

Mo kọ ọ́ sí WhatsApp ẹbí pé kíndìnrín mi ti ń lọ. Àdúrà bẹ̀rẹ̀. Láńlọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀ dákẹ́ lórí owó ilé. Bùọ̀dá wa fi ọgọ́rùn-ún ẹgbẹ̀rún náírà ránṣẹ́ fún ìtọ́jú, mo sì fi ra ẹ̀rọ ńlá kan tí ń sẹ́ omi. Mo pa suya tì, mo pa iyọ̀ tì, mo wá ń mu àgbo tí obìnrin kan ní Maryland, Èkó níbí, ní ó ń fọ kíndìnrín mọ́ tónítóní.

Nígbà tí mo tó lọ rí dókítà, ọmọdébìnrin kan tó lè jẹ́ àkọ́bí mi ni mo bá.

“Bàbá, ta ló sọ pé kíndìnrín yín ń lọ?”

“Amẹ́ríkà ni.”

Ó wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ mi, ó yẹ ìtọ̀ mi wò bóyá purotéènì wà níbẹ̀, ó ní kí wọ́n wo creatinine nínú ẹ̀jẹ̀ mi. Kò sí nǹkan kan tó ṣe mí. Ó ní ní 2024, Ọ̀jọ̀gbọ́n Rasheed Gbadegesin àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí jáde lórí àwọn èèyàn tó lé ní 8,000 ní Nàìjíríà àti Gánà: nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́ta ló ní ẹ̀dà méjèèjì, ewu àrùn kíndìnrín tiwọn sì fi bí ìdá 25 nínú 100 ga ju ti ẹni tó ní ẹyọ kan tàbí tí kò ní rárá. “Ẹ wọ dánfó láti ibí dé Agége, èrò mẹ́rin níbẹ̀ lè ní ohun tẹ́ ẹ ní yìí, kí wọ́n sì máa jẹ gúgúrú wọn lọ.” Mo wá fa ìgò àgbo yọ pé ṣé kí n máa mu ún lọ. Kò tíì rẹ́rìn-ín sí mi láti ọjọ́ náà. Ó ní èyí tó wà lọ́wọ́ mi yìí lè ba kíndìnrín tí jíìnì ò tíì fọwọ́ kàn jẹ́.

Ibi tí mo ti ń yọ̀ ni ìyàwó mi ti gba fóònù, ó ka ìlà ìsàlẹ̀.

“Bàbá Kẹ́mi, AS kẹ̀?”

Òun fúnra rẹ̀ AS ni. Ṣọ́ọ̀ṣì kì bá tí so wá pọ̀ tí káàdì tèmi kò bá sọ pé AA. Ó ní ṣé mo ra káàdì yẹn ni. Ojú ẹsẹ̀ la lọ ṣe òmíràn. Èyí kì í ṣe DNA. Iná ni wọ́n fi ń fa èròjà ẹ̀jẹ̀ lórí bébà tẹ́ẹ́rẹ́ kí A àti S lè pínyà, bí NEPA bá fẹ́. AA ló jáde. Ọkàn ìyàwó mi balẹ̀. Tèmi ni kò balẹ̀ mọ́, torí ẹnì kan ṣoṣo ni mo mọ̀ tó jẹ́ AS nínú àwa ọmọ bàbá wa. Torí AS yẹn ni àfẹ́sọ́nà bùọ̀dá wa àkọ́kọ́ ṣe kọ̀ wọ́n.

Mo wọ Agége lọ́jọ́ Sunday.

“Bùọ̀dá, ẹ ṣé fún àdúrà yẹn o.”

“Ó ti gbà?”

“Ó gbà kọjá ibi tẹ́ ẹ rò.”

Wọ́n gbọ́ àlàyé mi tán, wọn ò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ohun tó kọ́kọ́ ti ẹnu wọn jáde ni, “Owó mi ńkọ́?” Mo fipá mú wọn dé ọ̀dọ̀ dókítà mi. Ìfúnpá wọn ga, wọn ò sì mọ̀. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti wọ̀n ọ́n kẹ́yìn. Wọ́n gba oògùn, wọ́n gba ìkìlọ̀ lórí iyọ̀ àti oògùn ara ríro. Bí wọ́n ṣe jáde níbẹ̀, Onígbòǹgbò ni wọ́n gbà tààrà, wọ́n háyà kẹ̀kẹ́ márúwá, wọ́n sì ní kí n bá àwọn gbé ẹ̀rọ omi sí i. Kí wọ́n tó dé ilé, wọ́n ti kọ ọ́ sí WhatsApp ẹbí: “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ orúkọ àbúrò mi kúrò nínú àdúrà, ẹ fi tèmi sí i. Sítọ́ọ̀kípà ló ṣi orúkọ kọ.”