Mo Fi Ahọ́n Tó Sùn Súre

Egbò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ahọ́n mi kò tíì jinná bí mo ṣe ń kọ èyí. Ẹ jẹ́ n tètè sọ ọ́ kí àwọn ẹbí mi tó sọ ọ́ fún yín, torí wọ́n ti fi iyọ̀ sí tiwọn.

Eyín ẹ̀yìn kan nísàlẹ̀ kò jẹ́ n sùn lóru Fúráìdé. Aago mẹ́jọ òwúrọ̀ Sátidé, mo ti wà lórí àga dókítà eléyín. Aago mẹ́wàá ni ìdána ọmọ àbúrò mi obìnrin, èmi ni wọ́n sì ní kó súre. Dókítà gún mi lábẹ́rẹ́, ó yọ eyín, ó ní n má jẹun títí ẹnu mi yóò fi jí. N kò bi í pé ìgbà wo ló máa jí. Ẹ̀bi tèmi nìyẹn. Pé òun náà rí mi nínú agbádá, tí kò bi mí pé ibo ni mò ń lọ, ẹ̀bi tirẹ̀ nìyẹn, n ò sì tíì dárí jì í.

Alága ìjókòó gbé máíìkì lé mi lọ́wọ́. Ahọ́n mi dà bí òkèlè àmàlà tí ẹlòmíràn fi sí mi lẹ́nu.

Mo ní, "Ilé yín á tòrò." Ohun tí ilé gbọ́ ni, "Iyé yín á hòyò."

"Àṣẹ!"

Orí mi wú. Mo ní, "Ọyọ́un á húyó hì yín." Àṣẹ ti ń tutù. Kí n má baà jẹ́ kó kú, mo ká apá agbádá sókè, mo pariwo pé ẹ ó là. Ó jáde geere:

"Ẹ ó yà!"

Gbogbo ilé pa lọ́lọ́. Bàbá wa kan tí etí rẹ̀ wúwo nìkan ló dáhùn pé, "Àṣẹ!"

Ìyá ọkọ dìde. Mo sáré tún un ṣe: "Yáyá o! Ẹ ó yà ni mo ní!"

Ẹ dákun, kì í ṣe ẹmu. N kì í mu ún, ẹni tó ń sọ bẹ́ẹ̀ kiri mọ̀ pé n kì í mu ún. Oríṣi iṣan mẹ́jọ ló ń darí ahọ́n, kò sì sí ọ̀kan tó sùn nínú wọn. Abẹ́rẹ́ eyín ìsàlẹ̀ kàn ń dí ọ̀nà tí ìròyìn ń gbà kúrò lápá kan ahọ́n lọ sí ọpọlọ ni. Ọpọlọ rán ahọ́n níṣẹ́, ahọ́n lọ, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó padà wá jábọ̀ bóyá ó débẹ̀. Bẹ́ẹ̀, kí L tó jáde, ṣóńṣó ahọ́n gbọ́dọ̀ kan ẹ̀yìn eyín òkè, kí èémí gba ẹ̀gbẹ́ kọjá. Bí kò bá kàn án, Y lẹ máa gbọ́.

Alága yíjú sí onídùndún: "Àyàn, ẹ bá wa sọ ohun tí bàbá wí."

Àyàn fa ọṣán, ó lù ú: re, mí, dò. Ìlù kò ní ahọ́n; ohùn nìkan ló ní, gògóńgò sì ni ohùn tèmi ti ń wá, kì í ṣe ahọ́n. Ohùn kan náà ni "ẹ ó là" àti "ẹ ó yà" ní. Àwọn tiwa gbọ́ là, wọ́n ń jó. Àwọn ti ọkọ gbọ́ yà, wọ́n ń wo bàtà wọn.

Ìyá àgbà kan láti ilé ọkọ, tí eyín ti tán lẹ́nu rẹ̀, ló gbà mí sílẹ̀. "Àna wa, ẹ ṣáà ní owó, ọmọ, àìkú, ká lọ jẹun."

Mo ní, "Owó! Ọmọ! Àìkú!" Ó dún ketekete. Ètè ń ṣe ti ọmọ, ìdí ahọ́n ń ṣe ti àìkú; kò sí ọ̀kan tó fẹ́ nǹkan kan lọ́wọ́ ṣóńṣó ahọ́n.

Ó yẹ kí n lọ sílé. Mo jókòó ti asun. Mo ń jẹ ẹran, mo ń jẹ ahọ́n mi mọ́ ọn, n kò mọ̀. Ní nǹkan bí aago méjìlá, ahọ́n jí. Ata kì í ṣe ọ̀ràn adùn tàbí ìkorò: ọ̀nà tí ìrora ń gbà ló ń gbà wọlé, ọ̀nà yẹn ló sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí. Igbe tí mo ké, kò sí lẹ́tà kankan nínú rẹ̀, gbogbo ènìyàn sì gbọ́ ọ yé.

Tọkọtaya ṣì wà pọ̀, ó di ọjọ́ karùn-ún lónìí. Ẹ bá mi bẹ ẹni tó ń pín fídíò yẹn lórí WhatsApp.