Ìjàpá àti Òrùka Òṣùpá

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi dá fìrìgbágbóó, ó dá lórí Ìjàpá, ọkọ Yánníbo, ó dá lórí Ọ̀bọ àti Igún nílẹ̀ Rẹ́mọ.

Ní ọdún kan, obì gbàǹja so jìnwìnnì láti Ṣágámù dé Ìkẹ́nnẹ́. Gbogbo ẹranko ló ká tiwọn, àfi Ìjàpá tí kò roko. Lálẹ́ ọjọ́ kan, àwọsánmà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ta bo ojú ọ̀run. Wọ́n wòkè, òrùka ńlá kan ló yí òṣùpá ká. Jìnnìjìnnì bò wọ́n. Àgbò ní ogun ń bọ̀. Ẹtu ní ọba kan fẹ́ wàjà. Erin, ọba wọn, sáré fi ọwọ́jà di adé rẹ̀ mú.

Ìjàpá dọ̀bálẹ̀ gbalaja: "Kábíyèsí o! Okùn ni wọ́n fi so òṣùpá. Èmi mọ bí wọ́n ṣe ń tú u, ṣùgbọ́n ọwọ́ òfo kì í tú u."

Kílẹ̀ tó mọ́, wọ́n ti gbé Ìgbìmọ̀ Ìtúkùn Òṣùpá kalẹ̀. Ìjàpá ni alága, Ìjàpá ni akọ̀wé, Yánníbo ni akápò. Agbọ̀n obì kan láti ilé kọ̀ọ̀kan lálaalẹ́, wọn á sì já rìsíìtì fún un. Ìjàpá á wá máa lé orin:

Wọ́n ti so òṣùpá o,
*Róbótó!*
Ẹ kóbì wá kí n tú u,
*Róbótó!*
Ẹni tí ò bá san tiẹ̀,
*Róbótó!*
Òkùnkùn á bá a délé,
*Ó ń tú o, róbótó!*

Lálaalẹ́ ló ń jábọ̀ fún ọba pé okùn ti ń dẹ̀, pé ó ti fẹ̀ ju tàná lọ, pé agbọ̀n díẹ̀ ló kù. Bílẹ̀ bá mọ́, obì ti dé Sábó ní Ṣágámù, àwọn oníṣòwò ti ń dì í lọ sí Òkè Ọya. Agbọ̀n kan a máa yà sí ààfin. Erin kì í béèrè ibi tó ti wá.

Ìgbà tí obì Ọ̀bọ tán, ó gun igi ní Ìkẹ́nnẹ́, ó na apá gbọọrọ, ó ya ìka, ó fi àtàǹpàkò bo òṣùpá. Ọmọńdinrín bọ́ sórí òrùka gẹ́lẹ́. Lọ́jọ́ kejì, ó wọ̀n ọ́n ní Ṣágámù: bákan náà. Lọ́sàn-án ọjọ́ kẹta, òrùka yí oòrùn pàápàá ká, etí rẹ̀ ti inú pọ́n. Ọ̀bọ fi àtàǹpàkò bo oòrùn kójú má baà fọ́: bákan náà ni!

Ó lọ bá Igún: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ òkè, ẹ bá wa yọjú síbẹ̀."

Igún fò lọ. Ẹni tó bá rò pé irọ́ ni, kó rántí ọdún 1973, nígbà tí ọkọ̀ òfuurufú kọlu ọ̀kan nínú ìdílé Igún lókè Abidjan, ní nǹkan bíi kìlómítà 11 sókè. Nígbà tó sọ̀kalẹ̀ sí ààfin, ó ń gbọ̀n pẹ̀pẹ̀.

"Kábíyèsí, mi ò rí okùn. Mo fò kọjá kìlómítà 6 kí n tó kan àwọsánmà yẹn. Yìnyín wínníwínní olójú mẹ́fà ló kún inú rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ á gba ojú kan wọlé, á gba òmíràn jáde, á sì tẹ̀. Kò lè tẹ̀ kó dín ní dígírì 22, ibẹ̀ ló sì ti ń pọ̀ jù, ló fi ya òrùka. Ta ló lè mú un fẹ̀? Ẹ tún gbọ́: yìnyín tó ya ti Kábíyèsí kọ́ ló ya ti Ọ̀bọ. Olójú kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀. Ti ta wá ni Ìjàpá ń tú?"

Erin wúkọ́.

Ẹtu fò dìde: "Ṣebí kò sí òrùka lálẹ́ àná! Ìjàpá ti tú u!" Àwọn kan tilẹ̀ pàtẹ́wọ́.

"Àwọsánmà ló kọjá," ni Igún wí.

Ni Ọ̀bọ bá gba orin lẹ́nu Ìjàpá:

Mo nawọ́ wọn òṣùpá,
*Róbótó!*
Ìka kan ò yẹ̀ níbẹ̀,
*Róbótó!*
Ìjàpá, obì wa dà?
*Dá a padà o, róbótó!*

Gbogbo ẹranko nawọ́ sí Ìjàpá lẹ́ẹ̀kan náà. Ó wo ọwọ́ bó ti pọ̀ tó, ó fa orí wọnú ìgbá. Láti ọjọ́ náà, bí ẹ bá ti nawọ́ sí Ìjàpá, orí á wọlé.

Ẹ̀kọ́ àlọ́ yìí ni pé kí a tó san owó ẹ̀rù, kí a kọ́kọ́ wọn ohun tó ń bà wá lẹ́rù.

Ìdí àlọ́ mi rèé gbáńgbáláká, ìdí àlọ́ mi rèé gbàǹgbàlàkà. Bí mo bá purọ́, kí agogo ẹnu mi má ròó. Bí n kò bá purọ́, kó ró lẹ́ẹ̀mẹta: pó, pó, pó!