Irọ́ La Wá Rà, Ẹ Bá Wa Pa Á Kó Lẹ́sẹ̀ Nílẹ̀

Lẹ́tà ṣíṣí sí ẹ̀yin ọ̀gá ayàwòrán tẹ́ ẹ ń ṣẹ̀dá ilẹ̀ ọba àti dírágónì fún ọgbà ìgbafẹ́

Ẹ̀yin ọ̀gá mi,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ kú àtinúdá, ẹ kú ìnáwó olówó. Ṣé àlàáfíà lẹ wà? Ilé ńkọ́? Ọmọ ńkọ́? Dírágónì ńkọ́? Ìbéèrè tó kẹ́yìn yẹn ló wù mí kẹ́ ẹ dáhùn jù, a ó dé ibẹ̀ láìpẹ́. Ẹ má bínú pé ojú ọjà ni mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀. Mo mọ̀ pé ọwọ́ yín dí, mo sì mọ̀ pé akọ̀wé ló ń bá yín tú lẹ́tà. Ẹ jẹ́ kí aráyé bá a tú u, bóyá ẹnì kan nínú wọn á rán yín létí.

Kí n tó ka ẹ̀sùn, ẹ jẹ́ ká fẹnu kò lórí ohun kan. Irọ́ la wá rà lọ́wọ́ yín. Kò sí bàbá tàbí ìyá tó kó ọmọ wọ bàálù láti Houston lọ sí Orlando tó rò pé ọba kan ń sùn nínú ààfin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi ìgbọ́kọ̀sí. A mọ̀, a sì sanwó. Ẹ̀bẹ̀ tá a ń bẹ̀ yín kò ju ẹyọ kan lọ: irọ́ tá a ti sanwó rẹ̀, ẹ bá wa pa á kó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Irọ́ tẹ́ ẹ ń pa lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, ẹsẹ̀ kan ló fi ń dúró.

Ẹ̀sùn kìíní ni ti ààfin. Kẹ́ ẹ tó mú pẹ́ńsù la ti mọ èyí tẹ́ ẹ máa yà: ògiri funfun, ilé ìṣọ́ tẹ́ẹ́rẹ́, òrùlé ṣóńṣó aláwọ̀ búlúù. Ẹ ní ti ayé àtijọ́ Yúróòpù ni, láàárín nǹkan bí ọdún 500 sí ọdún 1500. Ẹ dákun, Neuschwanstein tó wà ní Bavaria, ní gúúsù Jámánì, tí gbogbo yín ń wò yà, ọdún wo ni wọ́n fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀? Ọdún 1869 ni. Rélùwéè ti ń sáré káàkiri Jámánì nígbà yẹn. Ọba Ludwig Kejì ló ní kí wọ́n kọ́ ọ, ẹni tó sì kọ́kọ́ ya bó ṣe máa rí ni Christian Jank, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kíkun àwòrán ẹ̀yìn pèpéle fún àwọn onítíátà. Ọba fi ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná sí i, ó fi ilé ìgbọ̀nsẹ̀ olómi sí i, ó tún wá fi tẹlifóònù sí i. Ó kú ní 1886 láì tíì parí rẹ̀. Oṣù méjì ò pé lẹ́yìn ikú rẹ̀ tí wọ́n fi ń gba owó ìwọlé lọ́wọ́ àwọn tó fẹ́ wá wò ó. Ilé tẹ́ ẹ fi ṣe orísun yìí, àdàkọ lòun náà, ọgbà ìgbafẹ́ ló sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ látilẹ̀. Ààfin gidi kúkú wà nílẹ̀ o. Carcassonne wà ní Faransé pẹ̀lú odi onílọ̀ọ́po méjì. Caernarfon wà ní Wales, èyí tí Edward Kìíní bẹ̀rẹ̀ ní 1283. Malbork wà ní Poland, bíríkì pupa látòkè délẹ̀. Àwọn yẹn wúwo, wọ́n rorò lójú, wọ́n sì jọ ibi tí èèyàn ti lè kú sí. Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ wọn nìyẹn?

Ẹ̀sùn kejì: mo fẹ́ kọ́kọ́ yìn yín kí n tó dojú ọ̀rọ̀ kọ yín. Ààfin tí Walt Disney ṣí ní California lọ́jọ́ 17 oṣù keje ọdún 1955, ẹsẹ̀ bàtà 77 péré ló ga. Ẹni tó bá dúró níwájú rẹ̀ á búra pé ó jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí pé bí òkúta ara ògiri ṣe ń lọ sókè lẹ ń dín in kù, ojú á wá rò pé ọ̀nà jíjìn lòun ń wò. Èyí tẹ́ ẹ kọ́ ní Florida ní 1971 ga tó ẹsẹ̀ bàtà 189. Òfin ọkọ̀ òfurufú Amẹ́ríkà ní kí ilé tó bá kọjá 200 gbé iná sórí fún àwọn awakọ̀ bàálù, ẹ̀yin sì yáa dúró síbi tí iná ò ti ní kan ọmọ ọba. Ọgbọ́n ńlá nìyẹn, mo ṣí fìlà fún yín. Àmọ́ àṣeyọrí yẹn ló bà yín jẹ́. Ẹ ti gbà pé bí ojú bá ti gbà á, iṣẹ́ parí. A wọ ààfin náà, ilé oúnjẹ la bá. Ọba ò sí lórí ìtẹ́, ìjòyè ò sí, ẹ̀ṣọ́ ò sí. Ẹni tó ń mú nọ́ńbà tábìlì ló kí wa káàbọ̀.

Èyí ló mú mi dé ẹ̀sùn kẹta. Ta ló ń gbé ìlú yín gan-an? Mo wòtún, ọmọ ọba obìnrin. Mo wòsì, ọmọ ọba obìnrin míì. Gbogbo ọkùnrin ló wọ ẹ̀wù irin. Ta ló ń dáko? Láyé tẹ́ ẹ ń ṣàfarawé yẹn, àgbẹ̀ ló pọ̀ jù nílùú. Wọ́n ń ṣiṣẹ́ lórí ilẹ̀ olówó, wọ́n ń dá ìdámẹ́wàá irè oko fún ìjọ, wọ́n sì ń gbàdúrà kí ogun má gba abúlé àwọn kọjá. Láàárín 1347 sí 1351, àjàkálẹ̀ àrùn pa ó kéré tán ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn ará Yúróòpù. Mi ò ní kẹ́ ẹ kó àrùn wọ ọgbà o, ẹ gbọ́ mi yé. Ohun tí mò ń wí ni pé ìlú tí kò ní alágbẹ̀dẹ, tí kò ní olùṣe búrẹ́dì, tí kò ní agbowó orí, kì í ṣe ìlú. Ẹ jọ̀ọ́, mo gbàgbé, agbowó orí wà: òun ló ń gba owó ibi ìgbọ́kọ̀sí.

Kẹ́ ẹ má sọ pé kò ṣeé ṣe, ẹ lọ sí Puy du Fou ní Vendée, ní ìwọ̀-oòrùn Faransé. Láti 1978 làwọn ará àdúgbò yẹn ti ń jáde lóru láti ṣeré ìtàn ilẹ̀ wọn níwájú ààfin tó ti wó. Ní 1989 wọ́n fi ọgbà kún un. Kò sí rólà-kósítà kankan níbẹ̀. Abúlé ayé àtijọ́ wà níbẹ̀ tí àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ti ń ṣiṣẹ́ lójú èèyàn. Ọ̀pọ̀ èrò ló ń wọ́ lọ síbẹ̀ lọ́dọọdún láti wo ẹlòmíì níbi iṣẹ́.

Ẹ̀sùn kẹrin rèé, ibẹ̀ ni mo ti fẹ́ kẹ́ ẹ fìdí mọ́lẹ̀. Dírágónì dà? Lọ́jọ́ 22 oṣù kẹrin ọdún 1998, ẹ ṣí ọgbà ẹranko Animal Kingdom ní Florida. Dírágónì wà nínú àmì ọgbà náà, ó bá erin àti àwọn ẹranko yòókù tò sójú kan. Ìlérí yín ni pé apá kan ń bọ̀ tẹ́ ẹ máa pè ní Beastly Kingdom: dírágónì yóò máa ṣọ́ ìṣúra nínú ilé gogoro kan tó ti wó, ẹṣin oníwo kan yóò sì fara pa mọ́ sínú ọgbà tí ọ̀nà rẹ̀ ń rú èèyàn lójú. Ẹ tiẹ̀ fi orúkọ ẹṣin náà pe apá kan ibi ìgbọ́kọ̀sí. Owó ò tó, ẹ ní ká máa retí. Ẹ pàgọ́ Mickey sórí ilẹ̀ náà fúngbà díẹ̀. Ìgbà díẹ̀ yẹn pẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Ní 2017 ẹ kó àwọn ẹ̀dá aláwọ̀ búlúù inú fíìmù Avatar wá síbẹ̀. Àmọ́ dírágónì ṣì wà lára àmì, bí ìyàwó tí wọ́n ti tẹ fọ́tò ẹ̀ sórí káàdì ìpè tán kí ọkọ tó lọ gbé ẹlòmíì.

Kí aládùúgbò yín tó ní ọgbà ìgbafẹ́ tiẹ̀ ní Orlando má rẹ́rìn-ín, ẹjọ́ tiẹ̀ náà ń bẹ. Ọdún kan lẹ́yìn yín, ní 1999, ó gbé dírágónì méjì kalẹ̀, ọ̀kan oníná, ọ̀kan oníyìnyín, rólà-kósítà méjì tó ń sáré kọjú síra wọn bí ẹni fẹ́ forí gbárí. Kéèyàn tó dé ìdí ọkọ̀, inú ààfin ahoro ló máa gbà, ẹ̀rù á sì ti bà á dáadáa. Ní 2010, wọ́n fa àwọn dírágónì náà lé Harry Potter lọ́wọ́, wọ́n sọ wọ́n di ohun ìdíje àwọn ọmọ iléèwé. Ní 2011, lẹ́yìn tí àwọn èrò ọkọ̀ fara pa, wọ́n ní kí wọ́n má jà mọ́. Ní 2017, wọ́n tì wọ́n pa. Àwọn dírágónì tuntun tó dé sí Orlando lóṣù karùn-ún ọdún 2025, ọ̀rẹ́ ọmọdé ni wọ́n. Wọ́n ṣeé fọwọ́ pa lórí. Ẹ wo bí ayé ṣe yí.

Ẹ̀yin kan náà lẹ kúkú mọ̀ ọ́n ṣe. Nígbà tẹ́ ẹ fẹ́ kọ́ ààfin tẹ́ ẹ ṣí lẹ́gbẹ̀ẹ́ Paris ní 1992, ẹ rántí pé àwọn ará ibẹ̀ ní ààfin gidi lẹ́yìn ilé wọn. Ẹ ò lè fi àdàkọ Neuschwanstein tàn wọ́n. Ẹ lọ wo Mont-Saint-Michel, ẹ ṣí ìwé àdúrà aláwòrán ti Duke ìlú Berry, ẹ kun ààfin náà ní pupa òdòdó kó má bàa sọnù sínú òfuurufú eléérú. Ẹ wá de dírágónì kan tó gùn ju 20 mítà lọ mọ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀ nínú òkùnkùn, ó ń mí, ó ń yọ èéfín nímú. Ọmọ tó ń pariwo lókè á dákẹ́ bó bá débẹ̀, á rọra wá ọwọ́ ìyá rẹ̀. Àwọn tó mọ ààfin gidi lẹ bẹ̀rù, ẹ̀rù yẹn ló jẹ́ kẹ́ ẹ ṣiṣẹ́. Ṣé àwa yòókù ò yẹ lẹ́ni à ń bẹ̀rù ni?

Ẹ̀sùn karùn-ún kéré, àmọ́ ó ń dùn mí nínú. Itan tòlótòló gbàǹgbà tẹ́ ẹ ń tà gẹ́gẹ́ bí oúnjẹ àwọn jagunjagun Ọba Arthur, ibo ni wọ́n ti rí i? Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni tòlótòló ti wá. Àwọn ará Sípéènì ló kó o wọ Yúróòpù lẹ́yìn ọdún 1500. Pòtétò náà ńkọ́? Amẹ́ríkà. Tòmátò inú ọbẹ̀? Amẹ́ríkà. Àgbàdo? Ẹ má wulẹ̀ bi mí. Ẹ ní ọba wà, ẹ ní oṣó wà, a gbà. Ti tòlótòló yẹn la ò lè gbé mì.

Ẹ̀sùn kẹfà ni ti òfin. Wọ́n máa ń sọ ọ́ pé Walt Disney rí òṣìṣẹ́ kan ní California tó múra bíi daran-daran ayé àtijọ́, tó ń gba àárín ìlú ọjọ́ iwájú lọ síbi iṣẹ́ rẹ̀, inú rẹ̀ ò sì dùn sí i. Nígbà tí wọ́n máa kọ́ ti Florida, wọ́n la ọ̀nà fún òṣìṣẹ́ sábẹ́ ọgbà náà. Ilẹ̀ ibẹ̀ kún fún omi, nítorí náà orí ilẹ̀ ni wọ́n kọ́ ọ̀nà yẹn sí, wọ́n wá kó iyẹ̀pẹ̀ bò ó. Àjà kejì làlejò ń rìn, kò sì mọ̀. Ìyẹn lẹni tó bọ̀wọ̀ fún irọ́! Ní Efteling ní Netherlands, níbi tí Anton Pieck ti ya igbó àlọ́ tí wọ́n ṣí ní 1952, àpótí ìdọ̀tí pàápàá mọ ipa tirẹ̀. Ọkùnrin oníkùn gbẹ̀ǹdẹ̀ kan ló la ẹnu sílẹ̀ tó ń tọrọ bébà, tó sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó bá fún un. Àwọn ọmọdé á máa wá ìdọ̀tí kiri kí wọ́n lè bọ́ ọ. Bẹ́ẹ̀, lọ́dọ̀ tiyín, oṣó onírùngbọ̀n funfun ló ń tẹ fóònù lẹ́yìn igi.

Ẹ̀sùn keje, ẹ má ṣe bí ẹni tí kò mọ̀: ìdí tí gbogbo ọ̀nà àbájáde yín fi ń gba inú ṣọ́ọ̀bù. A ṣẹ́gun àjẹ́, a jáde, idà oníke la bá. Akáǹtáǹtì ni ọba ilẹ̀ yẹn, òun ló pa dírágónì.

Àwa tá a ka Fágúnwà kò ṣeé tàn báyìí. Ìwé Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ti wà láti 1938, ilẹ̀ àròsọ ibẹ̀ kò sì ná ẹnikẹ́ni ní kọnkéré kan. Àkàrà-oògùn, ọdẹ inú ìwé náà, kò wọ igbó yẹn lọ ya fọ́tò. Ó ní ohun tó ń wá, igbó ní òfin tirẹ̀, Àgbákò, abàmì ẹ̀dá tó pàdé níbẹ̀, kò sì ṣeé fọwọ́ pa lórí. Ilẹ̀ tí kò ní òfin, tí kò ní mẹ̀kúnnù, tí kò sì ní ohun tó ń dẹ́rù bani, ọjà ni. Ẹ fi orúkọ ọjà pè é, kí owó tá a san má bàa máa dùn wá.

Ẹ̀yin òǹkàwé tẹ́ ẹ ti ń tú lẹ́tà yìí bọ̀, ẹ̀yin ni mo fẹ́ fi parí rẹ̀. Bẹ́ ẹ bá dé ẹnu irú ọgbà bẹ́ẹ̀, kẹ́ ẹ tó fa owó yọ, ẹ bi wọ́n ní ohun mẹ́ta: ta ló ń gbé ibí, ta ló ń bọ́ wọn, kí ló ń bà wọ́n lẹ́rù? Bí wọn ò bá rí èyí dáhùn, ẹ mú ọmọ yín lọ́wọ́, kẹ́ ẹ wá ibòmíì lọ.

Èmi ni ti yín,
Ẹni tó ń san owó ìwọlé.