Ẹni Tí Ọkọ̀ Wa Lè Bá

Bí àwọn òṣèlú bá ń kọ́ wa bí a ṣe ń bá ẹ̀yà àti ẹ̀sìn mìíràn gbé, orí mi a máa wú. Wọ́n á ní ká ní ìfaradà. Wọ́n á ní ká fẹ́ràn ọmọnìkejì wa. Wọ́n á mu omi inú ike, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á sì sáré padà sí Àkúrẹ́, olú ìlú ìpínlẹ̀ Oǹdó, níbi tí ilẹ̀ ti gbẹ. Àwa ará etíkun Ìlàjẹ, òfin kan ṣoṣo la ní, a kò sì kọ ọ́ síbì kankan: ẹni tí ọkọ̀ ẹni bá lè bá ni kí á bá jà.

Ẹ wo ọdún 1998. Ní oṣù Karùn-ún, àwọn ọ̀dọ́ Ìlàjẹ tó lé ní ọgọ́rùn-ún lọ gun pèpéle Parabe, ibi iṣẹ́ epo Chevron lójú òkun. Wọ́n ní omi wa ti bàjẹ́, wọ́n ní kò síṣẹ́. Ọjọ́ mélòó kan ni wọ́n lò níbẹ̀ kí hẹlikópítà tó gbé ṣójà dé. Ọ̀dọ́kùnrin méjì kú. Ẹjọ́ tí wọ́n pe Chevron lórí rẹ̀ rìn títí dé San Francisco l'Amẹ́ríkà, àwọn tó gbọ́ ọ lọ́dún 2008 sì ní ilé iṣẹ́ náà kò jẹ̀bi.

Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ tètè yé wa: a kì í fi àjẹ̀ lé hẹlikópítà. Nígbà tó fi di oṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn kan náà, Ìlàjẹ àti Ìjọ̀ Àrógbò ti wọ̀yá ìjà nítorí ilẹ̀ Àpáta, níbi tí epo wà. Àwọn ará Àrógbò rọrùn láti bá, orí omi kan náà la ti jọ ń tukọ̀. Wọ́n sun ìlú wa, a sun tiwọn. Ẹni tó ra ẹja lọ́wọ́ aládùúgbò rẹ̀ lánàá, tó sì fẹ́ ọmọ rẹ̀ níyàwó, wá ń bèèrè ẹ̀yà kó tó dáhùn ìkíni. Ìjà náà tàn dé Ajégúnlẹ̀ l'Ékòó, níbi tí kò sí epo kankan àyàfi èyí tí wọ́n fi ń dín àkàrà. Ní gbogbo àsìkò yẹn, n kò gbọ́ pé ẹnikẹ́ni bi epo rọ̀bì léèrè bóyá Ìjọ̀ ni tàbí Ìlàjẹ. Ó kàn gba inú páìpù rẹ̀ lọ ni.

Ti ẹ̀sìn ńkọ́? Àwọn ọmọ ìjọ Àpọ́sítélì Mímọ́ tí ojú wọn rí màbo nítorí ìgbàgbọ́ wọn ló tẹ Ayétòrò dó sí etí òkun lọ́dún 1947. Wọ́n kó ohun ìní wọn pọ̀, wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, wọ́n sì tan iná mànàmáná nígbà tí ọ̀pọ̀ ìlú ńlá ṣì ń tan àtùpà. Mo ti kíyè sí i pé àwọn èèyàn kì í kórìíra ẹ̀sìn ẹni tó bá ní ẹ̀rọ iná pẹ́. Lónìí òkun ń jẹ ìlú ọ̀hún, ilé àti ṣọ́ọ̀ṣì pẹ̀lú. NDDC, àjọ ìdàgbàsókè Niger Delta, ti gbé iṣẹ́ ìdènà omi síta ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, àmọ́ òkun kò tíì rí ìwé iṣẹ́ náà gbà.

Ìdí nìyí tí mo fi ní ìmọ̀ràn kékeré. Ìpàdé àlàáfíà tó bá kàn, ẹ jẹ́ ká ṣe é ní Ayétòrò, lásìkò tí òkun bá kún. Kí NDDC mú ìwé iṣẹ́ rẹ̀ wá, kí àwọn elépo jókòó níwájú. Bí omi bá dé orúnkún wọn, kí á wá sọ fún wọn pé ọkọ̀ kan ṣoṣo ló wà nílẹ̀: ọmọ Àrógbò ni atukọ̀, ọmọ Ìlàjẹ ló ni ẹ́ńjìnnì, àwọn méjèèjì kò sì tíì dá owó.